Àtúnkọ́ àbí Ìnáwó? Àríwísí Lórí Àríyànjiyàn Kan Nínú Bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Bésíbọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní, "Prof, kí ló kàn yín nínú eré tí wọ́n ń fi igi gbá?" Ó kàn mí. Ìdí kìíní ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbé ní Houston, ní Chicago àti ní New York, tí àwọn ọmọ yín sì ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ ìlú tí ẹ bí wọn sí. Ìdí kejì ni pé àríyànjiyàn kan wà nínú eré náà tó jẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró lé. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè jẹun bíi tèmi kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́.

Àríyànjiyàn náà nìyí. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń fìdí rẹmi lọ́dọọdún, kí ni kí ẹni tó ni ín ṣe? Àwọn kan ní kó tú u palẹ̀: kó fi àwọn eléré tó gbówó lórí ṣe pàṣípààrọ̀, kó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kó fara da ìjákulẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí àwọn ọ̀dọ́ náà yóò fi gbó. Èyí ni wọ́n ń pè ní àtúnkọ́. Àwọn tó kù ní kó ki ọwọ́ bọ àpò: kó lọ sọ́jà, kó ra àwọn eléré tó ti gbóná, tí àdéhùn wọn ti parí, tí wọ́n sì lómìnira láti lọ síbi tó bá wù wọ́n.

Láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, àwọn alátìlẹ́yìn àtúnkọ́ ló ń jàre lẹ́nu àwọn oníròyìn. Wọ́n ní àtúnkọ́ ni ọgbọ́n, wọ́n ní ìná-àpà ni èkejì. Bí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá ni, wọn ì bá ti pa á lówe fún wa pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé àríyànjiyàn náà wọ́ láti ìdí. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ àtúnkọ́ náwó, wọ́n sì náwó gidi. Ohun tó tún burú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà "àtúnkọ́" ń bo ìbéèrè kan mọ́lẹ̀: ta ló ń san owó ilé náà?

Òfin eré náà ní ṣókí

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, nǹkan mẹ́ta péré lẹ nílò.

Àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì ńlá, eré 162 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń já sísàlẹ̀. Ní England, ẹgbẹ́ tó bá gbá ìgbákugbàá yóò já kúrò ní Premier League, owó tẹlifíṣọ̀n yóò sì bá a lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn lọ́dún yìí yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì gba ìpín tirẹ̀ nínú owó àjọpín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀.

Èkejì, lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń tò, tí wọ́n á máa mú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dráfítì ni wọ́n ń pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ tó burú jù ló ń kọ́kọ́ mú. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá pàdánù jù ló ń gba ẹ̀bùn tó dára jù.

Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ bá mú kò lè lọ síbi tó wù ú àfi tó bá lo ọdún mẹ́fà nínú líìgì ńlá. Fún bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, iye tí ẹgbẹ́ bá fún un ló máa gbà, kó ṣáà má ti kéré sí iye tí àdéhùn là sílẹ̀, èyí tó jẹ́ 740,000 dọ́là fún sáà 2024. Lẹ́yìn náà ló tó lè gbé owó rẹ̀ lọ síwájú onílàjà. Ìgbà tí ọdún mẹ́fà bá pé ló tó lè fi ara rẹ̀ dúnàá-dúrà. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, àwọn mìíràn sì ti kọjá rẹ̀.

Ẹ wá pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọ̀dọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń le, owó rẹ̀ sì kéré. Àgbà ni owó rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ máa rọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń pàdánù kò já sísàlẹ̀, ó sì ń rí ọ̀dọ́ tó dára gbà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò kò ní pẹ́ rí i pé àtúnkọ́ lè mérè wá fún olówó kódà bí ẹgbẹ́ náà kò bá gba ife kankan. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀.

Òmìnira tí wọ́n jà fún

Àwọn tó ń fi ojú ìná-àpà wo ríra eléré olómìnira máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjà náà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ohun tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin kan de eléré mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá tà á tàbí tó lé e. Ní oṣù Kẹwàá 1969, St. Louis Cardinals fi Curt Flood, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó mọ àárín pápá ṣọ́ dáadáa, ṣe pàṣípààrọ̀ sọ́dọ̀ Philadelphia Phillies. Ó ní òun ò lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà lòdì sí i ní 1972, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kí ìdájọ́ tó dé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti mì. Ní oṣù Kejìlá 1975, onílàjà kan, Peter Seitz, dá Andy Messersmith àti Dave McNally láre pé wọ́n lómìnira. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olówó ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré, tí Marvin Miller ń darí, fẹnu kò sí òfin ọdún mẹ́fà tí mo sọ lókè. Kódà nígbà náà, àwọn olówó kò fi ọkàn gbà á. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n dìtẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra eléré olómìnira ní iye tó yẹ. Àṣírí tú, wọ́n sì gbà ní 1990 láti san 280 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn eléré.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé kò bọ́gbọ́n mu kí ẹgbẹ́ ra eléré tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ní owó ńlá, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mo sì máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà, owó iṣẹ́ tó ti ṣe ní ìgbà tí wọn ò san iye tó tọ́ fún un wà nínú rẹ̀.

Houston: ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́

Houston Astros ni ẹlẹ́rìí tí àwọn alátìlẹ́yìn àtúnkọ́ máa ń kọ́kọ́ pè. Ní 2011, ẹgbẹ́ náà pàdánù eré 106. Ní 2012, 107. Ní 2013, 111. Jim Crane ra ẹgbẹ́ náà ní ìparí 2011, ó sì gba Jeff Luhnow láti máa darí ètò rẹ̀. Wọ́n tú u palẹ̀. Wọ́n mú Carlos Correa ní ipò àkọ́kọ́ nínú dráfítì 2012. Ní 2017, wọ́n borí nínú eré 101, wọ́n sì gba World Series mọ́ Los Angeles Dodgers lọ́wọ́. Ìtàn náà gún régé: ọdún mẹ́ta nínú eruku, lẹ́yìn náà adé.

Ó gún régé jù. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ wò. Jose Altuve, tí wọ́n dìbò fún gẹ́gẹ́ bí eléré tó pegedé jù ní American League ní 2017, ọdún 2007 ni Houston ti gbà á wọlé láti Venezuela. 15,000 dọ́là ni wọ́n fún un. Dallas Keuchel, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Cy Young ti àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ní 2015, dráfítì 2009 ni wọ́n ti mú un, ó sì lé ní igba ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ti mú ṣáájú rẹ̀. George Springer, tó gba àmì-ẹ̀yẹ eléré tó pegedé jù nínú World Series 2017, oṣù Kẹfà 2011 ni wọ́n mú un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú ilé kí àwọn akọ́lé tó dé.

Àwọn ẹ̀bùn tí ìpàdánù fà wá wá ńkọ́? Ọdún mẹ́ta léraléra ni Houston ní ipò àkọ́kọ́. Correa yọrí sí rere. Mark Appel, tí wọ́n mú ní 2013, kò ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún Houston nínú líìgì ńlá. Brady Aiken, tí wọ́n mú ní 2014, kò buwọ́ lùwé pẹ̀lú wọn rárá, nítorí àwọn méjèèjì kò fẹnu kò lórí apá rẹ̀ àti owó rẹ̀. Gbà-máà-bínú tí òfin fún Houston nítorí Aiken ni ipò kejì nínú dráfítì 2015, òun ni wọ́n sì fi mú Alex Bregman. Ṣé ètò nìyẹn, àbí orí ire?

Ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Kẹjọ 2017, wọ́n tún lọ gba Justin Verlander lọ́wọ́ Detroit. Ọmọ ọdún 34 ni, ó sì wà lára àwọn tí owó wọn pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù. Eré márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ fún Houston kí sáà náà tó parí, gbogbo rẹ̀ ló borí. Bí ẹ bá yọ arúgbó olówó iyebíye yẹn kúrò nínú ìtàn, adé lè máà wá sí Houston.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kìíní 2020, àwọn aláṣẹ líìgì kéde pé ẹgbẹ́ náà fi kámẹ́rà jí àmì àwọn alátakò ní 2017, tí wọ́n sì ń lu agolo ìdàlẹ̀nù láti fi ta ẹni tó dúró pẹ̀lú igi lólobó. Wọ́n dá Luhnow àti A.J. Hinch, tó jẹ́ kóòṣì, dúró fún ọdún kan, Crane sì lé àwọn méjèèjì lọ. Ìtànràn 5 mílíọ̀nù dọ́là tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Houston kọ́ ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́ àtúnkọ́ gbọ́dọ̀ ka ojú ìwé yẹn mọ́ ọn.

Chicago: ìlú kan, ẹgbẹ́ méjì

Chicago ló dára jù fún ìwádìí, nítorí pé ẹgbẹ́ méjì inú ìlú kan náà gbìyànjú ohun kan náà.

Theo Epstein dé ọ̀dọ̀ Cubs ní oṣù Kẹwàá 2011. Wọ́n pàdánù eré 101 ní 2012. Ní 2016, wọ́n gba World Series fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1908, ọdún 108 gbáko. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, Kris Bryant ló ṣíwájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé owó. Ní oṣù Kejìlá 2014, wọ́n fún Jon Lester ní 155 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́fà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún Ben Zobrist ní 56 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fún Jason Heyward ní 184 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́jọ. Zobrist ló gba àmì-ẹ̀yẹ eléré tó pegedé jù nínú World Series náà. Igi Heyward kò jẹ́ rárá ní sáà yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dá eré keje dúró, òun ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú yàrá kan, tó bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó jáde lọ borí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni Cubs rà lọ́wọ́ Heyward, ó sì wúlò fún wọn.

Bryant ńkọ́? Ní 2016, tó jẹ́ eléré tó pegedé jù ní National League, 652,000 dọ́là ni owó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2015, wọ́n ti fi í sílẹ̀ nínú líìgì kékeré fún ọjọ́ mélòó kan, ìwọ̀nba ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ kò fi ní pé nínú ìwé, tí òmìnira rẹ̀ yóò sì fi ọdún kan sún síwájú. Ó fẹjọ́ sùn; onílàjà dá a lẹ́bi ní 2020. Òfin ò lòdì sí ohun tí ẹgbẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé àtúnkọ́ kò ní ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Ẹ wá lọ sí apá gúúsù ìlú náà. White Sox bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí wọ́n fi Chris Sale ránṣẹ́ sí Boston, tí Boston sì fún wọn ní àwọn ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé ń yìn. Sale gba World Series pẹ̀lú Boston ní 2018. White Sox pàdánù eré 100 ní ọdún kan náà. Wọ́n dé ìpele ìkẹyìn ní 2020 àti 2021, wọ́n sì jáde ní ìpele àkọ́kọ́ nígbà méjèèjì. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbó, tó kù kí olówó fi àgbà kún wọn, àdéhùn tó tóbi jù tí White Sox tíì fún eléré kankan ni 75 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fún Andrew Benintendi. Kò tó ìdajì ti Heyward. Ní 2024, wọ́n pàdánù eré 121, iye tí ẹgbẹ́ kankan kò tíì pàdánù rí nínú eré ìgbàlódé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n tún kọ́ ilé

Ẹ jẹ́ kí a padà sí kíláàsì díẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Wọ́n tún ilé náà kọ́.
Wọ́n tún kọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ipò àbọ̀ ló yàtọ̀. Nínú gbólóhùn kìíní, ilé kan ti wà, ó bàjẹ́ tàbí ó wó, wọ́n sì gbé e dìde. Ilé yẹn gan-an ló padà sí ipò rẹ̀, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì lè padà wọlé. Nínú gbólóhùn kejì, ohun tí a mọ̀ kò ju pé wọ́n kọ́lé lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sọ fún wa bóyá ti àkọ́kọ́ dúró, bóyá ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀, tàbí bóyá wọn ò ní tún kọ́ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò nínú bésíbọ́ọ̀lù pa méjèèjì pọ̀. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń gbọ́ ti àkọ́kọ́: ilé mi ń padà bọ̀. Olówó lè máa ṣe èkejì. Pittsburgh Pirates kò ní sáà kan tí wọ́n ti borí ju bí wọ́n ṣe pàdánù lọ láti 1993 títí dé 2012, ogún ọdún léraléra, lẹ́yìn tí Barry Bonds ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí San Francisco. Àwọn olùdarí ń yí padà, ètò tuntun ń tẹ̀ lé ètò tuntun. Ọmọ tí wọ́n bí ní Pittsburgh lọ́dún 1993 ti wọ yunifásítì kó tó rí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ lápá òkè. Wọn ò tún ilé kọ́. Wọ́n ṣáà tún ń kọ́lé ni.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n sọ ọ́ láìdárúkọ àbọ̀. Ẹgbẹ́ náà "ń tún kọ́." Bí ẹ bá sọ ọ́ báyẹn ní Yorùbá, ẹni tó ń gbọ́ yóò bi yín pé, ń tún kí ni kọ́? Èdè wa ò jẹ́ kó sá lọ. A gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun náà, bí a bá sì ti dárúkọ rẹ̀, a ó béèrè ọjọ́ tí yóò parí àti ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹgbẹ́ Oakland fi èyí hàn kedere. Wọ́n pàdánù eré 112 ní 2023, owó eléré wọn sì wà lára èyí tó kéré jù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn olólùfẹ́ tó lé ní 27,000 kún pápá ìṣeré, wọ́n sì ń pariwo pé kí olówó ta ẹgbẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kò tà á. Lẹ́yìn sáà 2024, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Sacramento, ojú ọ̀nà Las Vegas. Àwọn tó fara da àwọn ọdún ìpàdánù kọ́ ni yóò gbé inú ilé tuntun.

Àwọn tó ki ọwọ́ bọ àpò

Ẹ má rò pé mo fẹ́ gbèjà ìnáwó lójú dídì. Ní 2023, owó tí New York Mets ná lórí eléré pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ kankan rí nígbà náà lọ. Wọ́n ti fún Max Scherzer ní 130 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fún Verlander, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti di 40, ní 86 mílíọ̀nù àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ fún ọdún méjì. Eré 75 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 87. Kí sáà tó parí, wọ́n ti fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ síbòmíràn. Ní oṣù Kejìlá 2024, wọ́n fún Juan Soto ní 765 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; ní 2025, wọn ò dé ìpele ìkẹyìn. Ewu ìnáwó nìyí: òfin ọdún mẹ́fà mú kó jẹ́ pé àná ni ẹni tó ń rajà sábà máa ń sanwó fún.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Texas Rangers. Wọ́n pàdánù eré 102 ní 2021. Gbogbo àmì àtúnkọ́ ló wà níbẹ̀. Dípò kí wọ́n dúró, wọ́n fún Corey Seager ní 325 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n fún Marcus Semien ní 175 mílíọ̀nù fún ọdún méje. Sáà 2022 kò dára, wọ́n tún pàdánù 94. Ní 2023, wọ́n gba World Series, Seager sì ni eléré tó pegedé jù níbẹ̀. Arizona ni wọ́n borí, ẹgbẹ́ tó pàdánù eré 110 ní 2021, tó sì gbára lé àwọn ọ̀dọ́ bíi Corbin Carroll. Ẹgbẹ́ méjì tó wà nínú kòtò lọ́dún kan náà pàdé lórí òkè lọ́dún kan náà, ọ̀kan gba ọ̀nà ọjà, èkejì gba ọ̀nà oko. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Lójú ọ̀nà, Texas ti lé Baltimore. Baltimore ni mo kà sí ẹni tó ṣe àtúnkọ́ tó mọ́ jù: wọ́n pàdánù 115 ní 2018, 108 ní 2019, 110 ní 2021. Àwọn ọ̀dọ́ wọn gbó, wọ́n sì borí nínú eré 101 ní 2023. Olówó kò fi àgbà tó tó kún wọn. Texas nà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kansas City nà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní 2025, wọ́n ti padà sí 75 sí 87.

Ẹ kíyè sí Kansas City yẹn dáadáa, nítorí òun ló dá àwọn tó ní ìlú kékeré ò lówó lóhùn. Òótọ́ ni pé owó tẹlifíṣọ̀n New York àti ti Kansas City kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, mi ò sì ní kí wọ́n máa bá Mets díje lórí Soto. Ṣùgbọ́n Kansas City pàdánù eré 106 ní 2023, wọ́n sì fún ọ̀dọ́ tiwọn, Bobby Witt Jr., ní àdéhùn tó lé ní 288 mílíọ̀nù kí òmìnira rẹ̀ tó dé. Wọ́n lọ sọ́jà ra Seth Lugo àti Michael Wacha, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, ní owó níwọ̀n-níwọ̀n. Ní 2024, wọ́n borí nínú eré 86. Ìlú kékeré lè náwó bí olówó bá fẹ́.

Dodgers ńkọ́, tí gbogbo ènìyàn ń bú pé wọ́n ra adé? Wọ́n fún Shohei Ohtani ní 700 mílíọ̀nù, wọ́n fún Yoshinobu Yamamoto ní 325 mílíọ̀nù, wọ́n sì gba World Series ní 2024 àti 2025. Ní eré keje 2025, Will Smith ló gbá bọ́ọ̀lù tó fún wọn ní ìṣẹ́gun. Dráfítì 2016 ni wọ́n ti mú un; ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ. Kódà àwọn tó lówó jù kò fi owó nìkan ṣe é.

Ìdájọ́ mi

Bí ẹnì kan bá bi mí pé àtúnkọ́ ló dára ni, àbí ìnáwó, mo máa ní ìbéèrè náà kò dára. Houston 2017, Cubs 2016, Texas 2023 àti Dodgers, gbogbo wọn ló kó ọ̀dọ́ mọ́ àgbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Cubs àti White Sox ni pé nígbà tí ọ̀dọ́ gbó, ẹnì kan mú owó tó ti fi pamọ́ jáde, ẹnì kejì kò mú un jáde. Àtúnkọ́ tí kò ní ọjọ́ ìnáwó nínú, owó ìdúró lásán ni olólùfẹ́ ń san.

Àwọn aláṣẹ líìgì fúnra wọn mọ̀. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré fún ọjọ́ 99, wọ́n fi lọ́tìrì sí ipò mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú dráfítì, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ máa wọ inú lọ́tìrì náà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ti jẹ́wọ́ pé olè ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́tìrì kò kan ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀dọ́ ṣì ń dúró fún ọdún mẹ́fà, ẹgbẹ́ tó ń pàdánù ṣì ń gba ìpín rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ yín, nígbà tí olùdarí ẹgbẹ́ bá tún jáde lórí tẹlifíṣọ̀n tó ní àwọn ń tún kọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta ní Yorùbá pọ́ńbélé. Kí ni ẹ ń tún kọ́? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Owó tí ẹ kò ná lọ́dún yìí, níbo lẹ kó o sí? Bó bá dá ẹ lóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o ní sùúrù fún un. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sùúrù nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, kó o mú ọmọ rẹ lọ wo eré níbòmíràn. Ọmọ ọdún méje kì í pẹ́ di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.